Bàbá Alẹ́tà àti Ṣòkòtò Tí Etí Ẹ̀ Ń Tú

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ó dáa. Ẹ wá nǹkan fìdí lé, torí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Òfófó ni, àmọ́ òfófó tó dùn ni, kì í ṣe èyí tó máa tú ilé onílé ká. Ọ̀rọ̀ Abẹ́rẹ́ ni.

Ẹ ò mọ Abẹ́rẹ́? Ẹ jẹ́ n mú un láti ìdí ẹ̀ wá. Aránṣọ ni. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu ẹ̀ sì mú, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo òpópónà wọn, tẹ́ ẹ bá ní ṣòkòtò tẹ́ ẹ fẹ́ kó bá yín lára mu bí awọ ara yín, ọ̀dọ̀ ẹ̀ lẹ máa gbé e lọ. Iṣẹ́ ẹ̀ kì í tú. Ó máa ń fi yangàn fáwọn oníbàárà ẹ̀ pé, "Aṣọ á gbó, òwú mi ò ní já." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o, ibẹ̀ ni wàhálà ti máa wá.

Òun àti bàbá ẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé, yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé alájà kan, fèrèsé kọjú sí títì. Yàrá iwájú ni máṣíìnì wà, ibẹ̀ náà ni àga bàbá wà. Ìyá ẹ̀ ti kú. Ọkọ ẹ̀ náà ti lọ. Rárá, òun ò kú o, ó kàn lọ ni. Ẹ jẹ́ ká fi tìyẹn sílẹ̀.

Bàbá yẹn, Bàbá Alẹ́tà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Lẹ́tà ló fẹsẹ̀ pín kiri títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó mọ ilé, ó mọ ajá inú ilé, ó mọ ọmọ tí wọ́n rán pé kó wá sọ pé màmá òun ò sí nílé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì náà, kò gbélé. Láràárọ̀ á wọ bàtà, á rìn dé abẹ́ igi àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà wọn. Bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀. Á jókòó, á bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, á dìde, á forí lé abẹ́ igi kejì. Láti igi dé igi, láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì, bó ṣe ń lo ọjọ́ ẹ̀ nìyẹn, ara ẹ̀ sì le bí òkúta.

Nìjọba bá dé. Wọ́n ní ọ̀nà ò gba mọ́tò mọ́, àwọn fẹ́ fẹ̀ ẹ́. Ohun tó dáa ni, àbí? Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n gé igi. Wọ́n hú bẹ́ǹṣì, wọ́n ní àwọn tí ò nílé ń sùn sórí ẹ̀. Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, wọ́n gé e kù bí ìgbànú. Ibi tí wọ́n ti ń sọdá, wọ́n fi irin dí i, wọ́n wá gbé afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan sókè réré, àtẹ̀gùn ẹ̀ ga bíi ti ẹni tó fẹ́ lọ kí òṣùpá. Mọ́tò wá ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Eruku, èéfín, ariwo. Abẹ́rẹ́ ní láti ti fèrèsé pa, torí aṣọ funfun oníbàárà ń di aláwọ̀ eérú lórí ìkọ́.

Bàbá jáde lọ wo bẹ́ǹṣì ẹ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀ àfi kọnkéré àti oòrùn. Ó ń fọwọ́ tọ ògiri padà wálé. Ó ní, "Ọ̀nà yìí ò fẹ́ mi mọ́." Látọjọ́ yẹn, ó jókòó.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìjókòó máa ń fojú àgbàlagbà rí. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Oúnjẹ ò wọlé mọ́. Àwàdà gbẹ lẹ́nu ẹ̀. Ó kàn ń wo ògiri bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tí ò sí iná lára ẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó mirí.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ga gan-an. Òògùn yín rèé. Àmọ́ òògùn nìkan ò lè dá a ṣe o, ẹ gbọ́dọ̀ máa rìn."

"Kí n rìn lọ síbo?"

"Ẹ kàn máa rìn ládùúgbò yín, bàbá."

"Ọmọ mi, ṣé o ti dé àdúgbò wa rí?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò dénú. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Gbogbo àwọn tó ń wá láti ojú ọ̀nà tuntun yẹn, bákan náà ló ń ṣe wọ́n. Ikọ́, ẹsẹ̀ wíwú, àìróorun sùn. Èmi ò ní òògùn tó ń mú igi hù."

Nígbà tí bàbá ń wọ bàtà, nọ́ọ̀sì fa Abẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó máa jókòó bẹ́ẹ̀ o. Àga yẹn ló máa gbé e lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí Abẹ́rẹ́ lára bí omi tútù. Bàbá nìkan ló kù fún un láyé.

Ó ra ọ̀pá ìtilẹ̀. Bàbá wo ọ̀pá, ó wo ọmọ ẹ̀ náà. "Nígbà tí mò ń pín lẹ́tà, ajá ni mo fi ọ̀pá ń lé. Ajá dà níbí?" Abẹ́rẹ́ ní kóun dì í lọ́wọ́ mú káwọn jọ jáde. Bàbá fa ọwọ́ ẹ̀ gbà. "Èmi ni mo kọ́ ẹ ní ìrìn, ìyá mi. O ò lè wá máa kọ́ mi." Ó bẹ̀bẹ̀ títí ó fi sú u.

"Ẹ ṣáà jáde ká gba atẹ́gùn díẹ̀!"

"Atẹ́gùn wo? Èéfín? Èmi kì í rìn láìníṣẹ́. Ẹni tó bá ń rìn kiri láìníṣẹ́, kí la ń pè é? Fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

Abẹ́rẹ́ gbọ́ "láìníṣẹ́" yẹn, ó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Ó ń wa máṣíìnì, ọ̀rọ̀ náà ń yí lọ́kàn ẹ̀ bíi kẹ̀kẹ́ máṣíìnì gan-an.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ká ṣòkòtò Agẹrun sínú báàgì. Agẹrun ni ọkùnrin tó ń gẹ irun fáwọn èèyàn nísàlẹ̀ òpópónà wọn. Ó wá ṣe bí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ dí pátápátá. "Yéè! Agẹrun fẹ́ wọ ṣòkòtò yìí jáde lónìí, mi ò sì lè fi aṣọ ìyàwó tí mò ń rán yìí sílẹ̀. Ta ni màá rán báyìí o? Ta ni màá rán?"

Kò tíì sọ ọ́ tán tí bàbá fi ní, "Bàtà mi dà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó lọ! Ó gbé báàgì sábẹ́ abíyá bó ṣe máa ń gbé àpò lẹ́tà. Àmọ́ nígbà tó padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò ó. Ó ní, "Mo ti jíṣẹ́. Àmọ́ láti ibí dọ́dọ̀ ẹ̀, kò síbi téèyàn lè fìdí lé, àfi tó bá fẹ́ jókòó sórí mọ́tò tó ń sáré."

 Bí bàbá ṣe sùn lọ báyìí, Abẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn jáde. Ó bẹ Agẹrun pé kó gbé àga kan síta. Ó bẹ Ìyá Búrẹ́dì tó ń ta búrẹ́dì láàárín òpópónà pé kóun náà gbé ọ̀kan síta. Ó bẹ àwọn yòókù níkọ̀ọ̀kan. "Tó bá dé, ẹ kàn ní kó jókòó, ẹ ní ẹ ń lọ wọ aṣọ náà wò bóyá ó gbà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni."

Ìyá Búrẹ́dì fọwọ́ sáyà. "Abẹ́rẹ́, ṣé èmi ni mo máa sọ ọ́?"

Abẹ́rẹ́ kàn wò ó ni. Torí obìnrin yẹn, tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ láàárọ̀, kí búrẹ́dì ẹ̀ tó tutù, wọ́n ti gbọ́ ọ nílùú kejì.

Àga dé síta lóòótọ́. Bàbá ń ti orí àga bọ́ sórí àga, bíi ti ayé àwọn igi. Àmọ́ iṣẹ́ ò tó o. Èèyàn mélòó ló ń ránṣọ lójoojúmọ́? Ọjọ́ tí ò bá sáṣọ tó jáde, bàbá á tún gúnlẹ̀ sídìí ògiri. Ibẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ti ṣe ohun tí ò ṣe rí látìgbà tó ti ń ránṣọ. Ó mú ṣòkòtò kan, ó ṣẹ́ etí ẹsẹ̀ kan, ó wá fi ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀ láìṣẹ́ ẹ dáadáa. Ó kàn fi òwú gbà á lóréfèé. Ó ń wẹ̀yìn bí ẹni tó ń jí nǹkan nínú àpótí ara ẹ̀.

Bàbá gbé ṣòkòtò lọ. Bàbá gbé ṣòkòtò bọ̀. "Ìyá mi, wọ́n ní etí ẹ̀ tú." "Háà! Ẹ má bínú, bàbá mi, màá tún un ṣe báyìí-báyìí." Bàbá tún gbé e lọ. Ṣé ẹ rí i? Ṣòkòtò kan ti di ìrìn àjò. Àtorí ṣòkòtò dórí búláòsì, àtorí búláòsì dórí aṣọ fèrèsé. Bó ṣe ń tú lọ́tùn-ún ló ń tú lósì.

Wíwú ẹsẹ̀ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ó ń jẹun. Láàárọ̀ kí mọ́tò tó pọ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ń ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó ní, "Ajá Agẹrun yẹn, bàbá bàbá ẹ̀ ló bù mí jẹ nígbà yẹn. Mo wo eyín ẹ̀, mo dá a mọ̀." Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi fabẹ́rẹ́ gún ara ẹ̀ níka. Nọ́ọ̀sì tún wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń lò?" Bàbá ní, "Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Àwọn àga yẹn gan-an ti di nǹkan. Aláboyún tó ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn ń jókòó sórí ẹ̀. Ìyá arúgbó kan tí wọn ò tíì rí níta látìgbà tí wọ́n ti gé igi náà yọjú.

Àmọ́ orúkọ Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ó ń lọ sísàlẹ̀. Àwọn tó gbé àga síta nìkan ló mọ àṣírí etí tó ń tú, àwọn oníbàárà yòókù ò mọ̀. Obìnrin tíṣà kan, tó fẹ́ràn àríyànjiyàn bí ẹni fẹ́ràn iyọ̀, gbé síkẹ́ẹ̀tì dé, ó jù ú sórí tábìlì.

"Abẹ́rẹ́, ṣé itọ́ lo wá fi ń ránṣọ báyìí ni?"

Abẹ́rẹ́ tá a mọ̀! Abẹ́rẹ́ tó máa ń dáhùn kí wọ́n tó béèrè! Ó wo bàbá ẹ̀ tó ń so okùn bàtà nínú àga, ó gbé ẹ̀sín náà mì. "Ẹ má bínú, mà. Bàbá máa gbé e wá fún yín."

"Òwú ẹ ò ní já," ni tíṣà ń sọ bó ṣe ń jáde, "etí ló máa máa tú!"

Ó dùn ún o. Ó dùn ún dé egungun. Àmọ́ ó gbọ́ bí bàtà bàbá ṣe ń dún kò-kò-kò lórí kọnkéré níta, ó sì fọkàn ẹ̀ balẹ̀.

Àfi bí wolé-wolé ṣe dé. Ẹ mọ àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń yẹ ìmọ́tótó wò. Ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òfin káńsù sọ pé nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Kí wọ́n tó wí, kí wọ́n tó fọ̀, àga ti ń fò sínú ọkọ̀.

Ìyá Búrẹ́dì fi igbe ta. "Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wo? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi gbogbo ọ̀nà fún mọ́tò! Ṣé mọ́tò ló máa wá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi?"

Abẹ́rẹ́ gbọ́ ariwo látilé. Ọkàn ẹ̀ já, torí bàbá ti jáde, ó gbé ṣòkòtò Agẹrun lọ. Ó sáré síta, téèpù ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Bó ṣe dé ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù yẹn, ó rí bàbá ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bàbá fi ọwọ́ kan di irin ọkọ̀ mú kó má bàa ṣubú, ọwọ́ kejì di báàgì mú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ ti la ẹnu láti bú wolé-wolé dé ìdílé ìyá ẹ̀, ló bá gbọ́ ohùn bàbá. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Látọjọ́ tó ti dáyé, kò gbọ́ kí bàbá ẹ̀ bẹ ẹnì kan rí.

"Ọmọ mi, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má kó àga yìí lọ. Kì í ṣe torí tèmi. Ọmọbìnrin mi ni. Ojú ń dùn ún. Aránṣọ tí òwú ẹ̀ kì í já, kò rí etí aṣọ ṣẹ́ mọ́. Òun gan-an ò tíì mọ̀, mi ò sì fẹ́ kó mọ̀, iṣẹ́ yẹn ni ayé ẹ̀. Èmi ni mò ń gbé aṣọ ẹ̀ kiri, tí mò ń bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má bínú, kí wọ́n má pariwo ẹ̀, kí wọ́n fún mi kí n dá a padà jẹ́jẹ́. Tí mi ò bá ríbi sinmi, mi ò lè rìn. Tí mi ò bá sì rìn, orúkọ ọmọ mi ti bàjẹ́ nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ fẹ̀yìn ti táyà ọkọ̀. 

Ó wo Agẹrun. Agẹrun ń wo ojú ọ̀run. Ó wo Ìyá Búrẹ́dì. Ìyá Búrẹ́dì fi láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì bo ẹnu. Ó wá yé e: wọ́n mọ̀! Bàbá ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún ọmọ, ọmọ ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún bàbá, wọ́n sì ń gbé méjèèjì sínú. Ìyá Búrẹ́dì o! Ẹ ò mọ ìyà tó jẹ obìnrin yẹn. Ó ní nígbà míì òun á wọlé lọ sọ ọ́ fún búrẹ́dì kí inú òun má bàa bẹ́.

Wolé-wolé wo àwọn àga inú ọkọ̀. Ó fọwọ́ họrí. "Bàbá, òfin ò mojú. Ohun tí wọ́n ní kí n kó ni àga tó bá wà lójú ọ̀nà tí ò sẹ́ni lórí ẹ̀. Wọ́n ní ìdíwọ́ ni."  Ó tún họrí. "Èyí téèyàn bá wà lórí ẹ̀ ṣá, wọn ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Ìyá Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ yé. Ó fò gun inú ọkọ̀ akẹ́rù, ó fìdí lé àga ẹ̀ gbágbáágbá. "Ó yá, ẹ gbé mi lọ sí káńsù! Ẹ sì mú búrẹ́dì mi dání!"

Gbogbo òpópónà bú sẹ́rìn-ín. Wolé-wolé gan-an ò lè pa á mọ́ra. Wọ́n sọ àga kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá ṣe ń kanlẹ̀ ni ẹnì kan ń jókòó sórí ẹ̀. Wolé-wolé ní, "Mo ń padà bọ̀ o. Èyí tí mo bá bá lófìfo, mo máa gbé e lọ." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé àwọn ará òpópónà yẹn ń jókòó síta báyìí. Tí bàbá bá ti yọ, ẹni tó wà lórí àga á dìde fún un, ṣebí àgbà ló ń bọ̀. Wọ́n tiẹ̀ kóra jọ lọ sí káńsù pé kí wọ́n gbin igi padà, kí wọ́n dá bẹ́ǹṣì padà. Káńsù ní àwọn ń wò ó. Wọ́n ṣì ń wò ó títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Bóyá ojú ń dun àwọn náà.

Abẹ́rẹ́ ò jẹ́ kí bàbá rí òun lọ́jọ́ yẹn. Ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó sunkún sórí aṣọ oníaṣọ. Ó wá pinnu: òun máa sọ òótọ́ fún un. Bàbá ò gbọ́dọ̀ máa ru ìbànújẹ́ torí ojú tí ò ṣe nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá jáde, kò tètè dé. Oòrùn kọjá àtàrí. Abẹ́rẹ́ ń yọjú lójú fèrèsé, ó ń jókòó, ó ń dìde. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, bàbá ló wọlé, òógùn ti rẹ ẹ̀wù ẹ̀ gbingbin, àmọ́ ó dúró ṣánṣán. Ó gbé páálí kékeré kan sórí máṣíìnì.

"Kí nìyí, bàbá mi?"

"Ṣí i."

Awò ojú ni. Òdìkejì títì ni ọkùnrin tó ń ta awò ojú wà. Kò sí bá a ṣe lè débẹ̀ àfi téèyàn bá gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ yẹn.

"Bàbá! Ẹ gun afárá yẹn?"

"Mo gùn ún. Mo ń sinmi lórí àtẹ̀gùn, mo ń ṣe bí ẹni tó ní lẹ́tà ẹnì kan lókè." Ó yẹjú kúrò. "Èèyàn kì í tètè mọ̀ tí ojú bá bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ, ìyá mi. Fi sójú."

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti dé ètè ẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ bàbá, ó rí bí bàtà ṣe wọ̀ ọ́ láìfún un. Ó wo ojú ẹ̀, ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jíṣẹ́ pàtàkì. Ó fi awò sójú. Kíá, gbogbo yàrá di kùrukùru. Kò rí máṣíìnì, kò rí ògiri, bàbá ẹ̀ gan-an dà bí òjìji.

"Ṣé o ríran?"

"Mo ríran kedere, bàbá mi."

"Fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ kí n rí i."

Háà. Ó mú abẹ́rẹ́, ó mú òwú. Kò rí ojú abẹ́rẹ́ rárá, àmọ́ ìka ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Òwú wọlé ṣàà. Bàbá mí kanlẹ̀, ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Omijé ń dà lójú Abẹ́rẹ́ lẹ́yìn awò, bàbá ò rí i.

Ó ti lé oṣù kan báyìí. Tí bàbá bá wà nílé, awò wà lójú Abẹ́rẹ́. Torí ẹ̀, etí ṣòkòtò ń wọ́ lóòótọ́, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀ mọ́! Bàbá á wò ó, á mirí, á ní, "Ó ń sàn díẹ̀díẹ̀." Á gbé báàgì sábẹ́ abíyá, á jáde. Tíṣà yẹn ti gbé aṣọ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ míì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi, ẹ má fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Abẹ́rẹ́, tí iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi gbogbo ayé yín kọ́ ń bàjẹ́ lójú yín, tí bàbá yín sì ń rìn, ṣé ẹ máa bọ́ awò yẹn kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún un, àbí ẹ máa wọ̀ ọ́? Kí lẹ̀ bá ṣe?